Kókó itan Bọ̀dá mi àti àwọn tó ń gbé inú ẹ̀

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó gbọ́ pé Bọ̀dá mi ní sàkómà, ìyẹn kánsà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹran ara bí iṣan tàbí ọ̀rá, ló ń bi mí pé ìmúnò tí wọ́n fún wọn yẹn, oògùn tó ń jẹ́ kí ara fúnra ẹ̀ bá kánsà jà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, ṣé káwọn náà lọ béèrè ẹ̀ fún èèyàn wọn, mi ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá wọn lóhùn. Bọ̀dá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n má dárúkọ ọsibítù, ohun tójú wa rí ni kí n sọ.

Ẹni ọdún 58 ni wọ́n nígbà tọ́wọ́ wọn kọ́kọ́ ba kókó kan níwájú itan òsì. Ò dùn wọ́n. Ìyẹn gan-an ló tàn wá jẹ, torí gbogbo wa la gbà pé nǹkan tó bá burú á máa ro èèyàn, èyí ò ro wọ́n, wọ́n ń rìn, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn, kókó náà ṣá ń tóbi díẹ̀díẹ̀ títí tí ṣòkòtò fi bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọ̀rá lásán ni, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á pa ojú ibẹ̀ kú, òun á yọ ọ́, wọ́n á sì máa lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò ya fọ́tò kankan o. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí, torí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ku ọjọ́ mẹ́rin péré ká tó gbọ́ ọ̀rọ̀ míì.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ Bọ̀dá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbà wá. Ó bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ṣé ó ń dàgbà, ṣé ó ti ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ṣé ìsàlẹ̀ inú iṣan ló wà àbí abẹ́ awọ níbi. Bọ̀dá ní ó ń dàgbà, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì wà nísàlẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n má jẹ́ kí abẹ kankan kàn án láì tíì ya MRI, fọ́tò tó ń fi inú ara hàn, láì tíì fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ lára ẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìdí ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá gbá irú kókó bẹ́ẹ̀ jáde láì mọ ohun tó jẹ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lè fọ́n káàkiri ojú ọgbẹ́, abẹ kejì tí wọ́n á fi tún ibẹ̀ ṣe á wá tóbi gan-an ju èyí tí wọ́n ì bá ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú ẹran àyẹ̀wò, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó máa yọ kókó náà lẹ́yìnọ̀la ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tó máa gbà wọlé, kó lè yọ ojú ọ̀nà yẹn náà mọ́ ọn.

MRI ní sẹ̀ǹtímítà 11. Èsì láàbù ní undifferentiated pleomorphic sarcoma, UPS ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú, gíréèdì 3, èyí tó le jù. Ohun tí dókítà ṣàlàyé fún wa ni pé sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé wọn ò jọ iṣan, wọn ò jọ ọ̀rá, wọn ò jọ ẹran ara kankan téèyàn mọ̀ mọ́. Wọ́n ya àyà, torí ẹ̀dọ̀fóró ni sàkómà itan sábà máa ń sá lọ tó bá fẹ́ rìn, àyà mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé a ti ṣẹ́gun.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Kí n sọ òótọ́, mo ti gbọ́ nípa pembrolizumab, ọ̀kan lára àwọn oògùn ìmúnò, tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ kánsà awọ àti tẹ̀dọ̀fóró, James Allison àti Tasuku Honjo tó rí ọ̀nà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń gbà ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018, mo wá rò ó nínú ara mi pé ẹni bá ní kánsà lónìí ìmúnò ni kó béèrè, ó parí. Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú ìwé tí mo tẹ̀ jáde lọ́wọ́, mo fi bá a jiyàn. Dókítà kánsà náà, obìnrin tó ní sùúrù gan-an, ò bínú. Ó ní, "Àbúrò, sàkómà tí ẹ ń pè ní ọ̀kan yẹn, ó lé ní 50 oríṣi." Nínú 100 àgbàlagbà tó ní kánsà, bí ẹnì kan ló ń jẹ́ ti ẹran ara báyìí, wọ́n á tún wá pín ẹnì kan yẹn sí oríṣi tó lé ní 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwà ẹ̀. Ó ní kí n gbàgbé orúkọ oògùn ná, kí n kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló ń gbé inú kókó yẹn pẹ̀lú kánsà náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí gbé lọ bá dókítà tiẹ̀. Èmi ti rò pé kókó kánsà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kánsà látòkè délẹ̀, bí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àdúgbò ló rí. Sẹ́ẹ̀lì kánsà wà níbẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa tó yẹ kó dáàbò bò wá náà wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló yàtọ̀ láti kókó dé kókó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Sẹ́ẹ̀lì T ni ọdẹ, òun ló máa ń rí sẹ́ẹ̀lì tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó sì máa ń pa á. Àmọ́ ọdẹ yìí ní ìjánu lẹ́nu, PD-1 lorúkọ ìjánu yẹn, Ọlọ́run fi síbẹ̀ kó má baà ya wèrè kó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara onílé. Kánsà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìjánu yẹn mú, ọwọ́ tó fi ń dì í mú ni PD-L1. Oògùn bíi pembrolizumab, iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń bo ìjánu náà kọ́wọ́ kánsà má lè tó o mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ò bá wá sí ọdẹ kankan nínú àdúgbò yẹn ńkọ́? Ìjánu ta ni wọ́n fẹ́ tú?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sàkómà ti le. Nínú ọ̀pọ̀ sàkómà, màkíróféèjì ló pọ̀ jù, wọ́n pọ̀ ju ọdẹ lọ fíìfíì. Agbálẹ̀ ni màkíróféèjì nínú ara, òun ló ń kó ìdọ̀tí, tó ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì, tó ń bá ọgbẹ́ jinná. Tó bá ti pẹ́ nínú kókó kánsà ó máa ń rò pé ọgbẹ́ ni kókó náà, á wá máa tọ́jú ẹ̀, á máa bá a fa òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé, á máa sọ fáwọn ọdẹ pé kí wọ́n rọra, kò sí wàhálà. Àwọn sàkómà míì tún wà tó jẹ́ pé jíìnì méjì tó ṣèèṣì so pọ̀ ló dá gbogbo wàhálà ẹ̀ sílẹ̀, irú ìyẹn ò ní àbààwọ́n púpọ̀ lára tí ọdẹ á fi dá a mọ̀, àdúgbò ẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. UPS ti Bọ̀dá yàtọ̀ sí ìyẹn, jíìnì inú ẹ̀ dàrú gan-an, rúdurùdu náà ló sì máa ń jẹ́ kí ọdẹ fura.

Dókítà fi nọ́mbà hàn wá. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní SARC028, èsì ẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n fún èèyàn 40 tó ní sàkómà ẹran ara ní pembrolizumab nìkan, àwọn tí kánsà tiwọn ti rìn. Èèyàn 7 ni kókó wọn sún kì dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ 7 nínú 40 ẹ ó ní kò já mọ́ nǹkan, àmọ́ ẹ tú u wò: nínú àwọn 10 tó ní UPS, 4 ló jẹ́ fún. Nínú àwọn 10 tó ní leiomyosarcoma, kò jẹ́ fún ẹnì kankan.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa leiomyosarcoma yẹn torí ó kan ẹnì kan. Ìyá kan wà tá a jọ máa ń jókòó ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, a ti di ojúlùmọ̀, oríṣi yẹn ni tiwọn, ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ọmọ ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ wọn obìnrin gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fún Bọ̀dá ní ìmúnò, ó sunkún lójú mi, ó ní ṣé nítorí pé ìyá àwọn ti dàgbà ni wọn ò ṣe fún wọn. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ìyanjẹ lójú tèmi náà. Ìgbà tí mo rí òdo nínú 10 yẹn ló yé mi pé wọn ò yan ìyá náà jẹ, wọ́n ò fẹ́ kí ìyá fi oṣù tó ṣeyebíye ṣòfò lórí oògùn tí ò ní ọdẹ tó máa bá ṣiṣẹ́. Doxorubicin pẹ̀lú trabectedin ni wọ́n fún wọn, kímò ni méjèèjì, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì kánsà fúnra ẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2024 lórí leiomyosarcoma tí kò ṣe é yọ tàbí tó ti rìn fi hàn pé ìdajì àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ wà láàyè kọjá oṣù 33, ti àwọn tó gba doxorubicin nìkan jẹ́ oṣù 24. Mo wá ọmọ ìyá náà lọ, mo fi hàn án. Ara ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá. Dókítà ní kí láàbù tún ẹran àyẹ̀wò yẹn wò, kí wọ́n kun ún lọ́nà tí ọdẹ á fi hàn. Ohun tí wọ́n ń wá gangan ni nǹkan kan tí mo sọ lórúkọ bárékè, torí mi ò rí orúkọ tó bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ mọ àwọn kókó kéékèèké tó máa ń wú lábẹ́ abíyá tàbí lọ́rùn tí ara bá ń bá àìsàn jà? Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì B, ọmọ ogun ara míì, àti sẹ́ẹ̀lì T ti ń pàdé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ogun. Nígbà míì ara máa ń kọ́ irú bárékè yẹn sínú kókó kánsà fúnra ẹ̀, ní ojú ogun gan-an. Ní 2020 àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n wo kókó sàkómà tó lé ní 600, wọ́n pín wọn sọ́nà márùn-ún bí àdúgbò inú wọn ṣe rí, láti èyí tí ọdẹ ò sí rárá dé èyí tí bárékè kún inú ẹ̀, wọ́n wá rí i pé sẹ́ẹ̀lì B ló ń sọ ẹni tó máa pẹ́ láyé ju bí sẹ́ẹ̀lì T ṣe pọ̀ tó lọ. Nínú àwọn tó wà ní ẹgbẹ́ oníbárékè tó sì gba pembrolizumab, ó jẹ́ fún ìdajì wọn. Àwọn ará Faransé tún dán an wò lọ́nà míì: nígbà tí wọ́n fún gbogbo èèyàn ní pembrolizumab pẹ̀lú cyclophosphamide, tó jẹ́ kímò, láì yan ẹni, kò jẹ́ fún èèyàn 3 pàápàá nínú 100, nígbà tí wọ́n yan àwọn tí bárékè wà nínú kókó wọn nìkan, ó jẹ́ fún 30 nínú 100. Èsì yẹn jáde ní 2022. Oògùn kan náà o! Ẹni tí wọ́n fún ló yàtọ̀.

Èsì ti Bọ̀dá wá dé, kì í ṣe ohun téèyàn á fi jó. Ọdẹ wà, àmọ́ etí kókó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró sí. Màkíróféèjì pọ̀ rẹpẹtẹ. Bárékè, wọ́n rí ọ̀kan tó dúró dáadáa àti òmíràn tó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà sì kìlọ̀ pé ẹran tí abẹ́rẹ́ mú kéré gan-an sí kókó sẹ̀ǹtímítà 11, ó lè jẹ́ pé bárékè pọ̀ lápá ibòmíì tàbí pé kò sí níbòmíì rárá, àti pé òṣùwọ̀n tí gbogbo láàbù jọ fẹnu kò lé lórí fún un ò tíì sí. Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá mú ká pinnu ni ìwádìí SARC032 tó jáde ní 2024. Àwọn tó wọ inú ẹ̀ dà bíi Bọ̀dá gan-an: UPS tàbí oríṣi sàkómà ọlọ́ràá kan, ní apá tàbí ẹsẹ̀, tó tóbi, tí kò tíì rìn. Wọ́n fún ìdajì ní ìtọ́jú ìtànṣán kí wọ́n tó ṣe abẹ, wọ́n fún ìdajì kejì ní nǹkan kan náà pẹ̀lú pembrolizumab ṣáájú abẹ àti lẹ́yìn abẹ. Lẹ́yìn ọdún méjì, 52 nínú 100 ni kánsà ò padà bá nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, nínú ẹgbẹ́ kejì 67 ni. Àmọ́ sáìdì ẹfẹ́ẹ̀tì tó le gan-an jẹ́ 56 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba oògùn, 31 lọ́dọ̀ àwọn tí ò gbà.

Bọ̀dá dákẹ́, wọ́n wá mú bírò. Wọ́n kọ 52, wọ́n kọ 15, wọ́n kọ 33. Wọ́n ní, "Ẹni 52, kò ní padà bá wọn, oògùn o, kò soògùn o. Ẹni 33, ó máa padà bá wọn pẹ̀lú oògùn náà. Ẹni 15 ni mo ń wá kún." Dókítà ní ìṣirò yẹn rọrùn ju bí nǹkan ṣe rí lọ àmọ́ Bọ̀dá ò ṣìnà. Bọ̀dá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn gbà á.

Ìdí tí wọ́n fi ń fún un ṣáájú abẹ yé mi nígbà tí dókítà ṣàlàyé. Tí kókó bá ṣì wà níbẹ̀, ọdẹ ní nǹkan tó máa fi kọ́ṣẹ́. Ìtànṣán á máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì kánsà, èérún wọn á máa tú jáde, ọdẹ á máa rí ojú ọ̀tá kedere, ìjánu sì ti kúrò. Tẹ́ ẹ bá ti yọ kókó tán kẹ́ ẹ tó fún un, ilé ìwé ti tì pa nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra wọn, ìtànṣán lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 25 láìka òpin ọ̀sẹ̀. Ní àárín ẹ̀ itan wú. Ó wú débi pé wọ́n tún un yà, wọ́n wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 12 àbọ̀. Mi ò lè ṣàpèjúwe alẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo nǹkan tí mo ti kà fò lọ lórí mi, ohun tó kàn ń dún ni pé ó ń tóbi, ó ń tóbi, a ti fi àkókò ṣeré. Dókítà ní kókó lè wú torí òkú sẹ́ẹ̀lì àti omi àti àwọn ọdẹ tó ya wọlé, ó sì lè wú torí pé kánsà ń dàgbà, fọ́tò nìkan ò lè sọ èwo ni, àmọ́ inú kókó náà ti dúdú ju tàkọ́kọ́ lọ lójú MRI, ẹ̀jẹ̀ ò wọ ibẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. A tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rù.

Wọ́n ṣe abẹ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìtànṣán. Èsì láàbù ní bíi 90 nínú 100 kókó náà ló ti kú, etí ẹ̀ mọ́ yíká, ọdẹ ti wọ àárín, bárékè tí wọ́n kà tó mẹ́jọ. Bọ̀dá sunkún níwájú dókítà. Mi ò tíì rí i kí wọ́n sunkún rí.

Ọgbẹ́ ni ò fẹ́ jinná. Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé tí ìtànṣán bá ṣáájú abẹ, wàhálà ọgbẹ́ máa ń pọ̀ tó ìlọ́po méjì, ìwádìí àtijọ́ kan ní 2002 ní 35 nínú 100 sí 17. Bọ̀dá wà lára àwọn 35. Ọ̀sẹ̀ méje la fi ń wẹ̀ ẹ́ tá à ń dì í, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Wọ́n wá padà sórí abẹ́rẹ́. Ìmúnò kì í ṣe omi o. Èyí tó kọ́kọ́ kàn ni tairọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan lọ́rùn, rírẹ̀ tó ń rẹ̀ wọ́n àti òtútù tó ń mú wọn, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, ọdẹ ti ba tairọ́ìdì jẹ́, wọ́n fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa lò títí láé, ìyẹn rọrùn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ karùn-ún tí wọ́n gbà lẹ́yìn abẹ, inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Wọ́n ní nǹkan táwọn jẹ ni, wọ́n fi pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Ọjọ́ mẹ́fà! Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí irú oògùn yìí, tí inú bá ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, tí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀, tí èémí bá ń gé, tí àyà bá ń dùn, kó pe dókítà ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì sọ pé ìmúnò lòun ń gbà, torí àwọn dókítà tí kì í ṣe ti kánsà lè fi oògùn inú ṣíṣí lásán lé e lọ. Ọdẹ ló ń jẹ ìfun wọn. Sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń tu ọdẹ lára, ni wọ́n fi kápá ẹ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó lè já a kúrò, wọn ò sì padà fún wọn ní pembrolizumab mọ́. Bọ̀dá kédàárò ju bí ìfun ṣe ń dùn wọ́n lọ. Dókítà ní ọ̀pọ̀ wà nínú àwọn tó dá irú oògùn yìí dúró torí sáìdì ẹfẹ́ẹ̀tì tí ara wọn ṣì ń bá ìjà náà lọ, torí ọdẹ tó ti kọ́ṣẹ́ kì í gbàgbé kíákíá.

Nǹkan míì tó máa ń fún mi lókun ni pé inú sàkómà gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1891, dókítà William Coley ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi kòkòrò àrùn gún aláìsàn sàkómà kan lábẹ́rẹ́, torí ó rí àkọsílẹ̀ ẹnì kan tí kókó ọrùn ẹ̀ pòórá lẹ́yìn tí ìnfẹ́kṣọ̀n awọ líle mú un. Kò mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì T, kò mọ PD-1, ó ṣá rí i pé ara lè jí. Lónìí àwọn tí ọdẹ ò sí nínú kókó tiwọn, wọ́n ti ń gbé ọdẹ lọ bá wọn: ní oṣù kẹjọ 2024 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní afami-cel fún synovial sarcoma, oríṣi sàkómà míì, wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì T aláìsàn, wọ́n á kọ́ ọ kó dá àmì kan tó ń jẹ́ MAGE-A4 mọ̀ lára kánsà, wọ́n á dá a padà sára. Nínú èèyàn 44 ó jẹ́ fún 19, ó kàn jẹ́ pé kókó náà gbọ́dọ̀ ní MAGE-A4 lára, irú HLA ẹni náà, àmì ìdánimọ̀ tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹni kọ̀ọ̀kan, sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Alveolar soft part sarcoma, tí ò wọ́pọ̀ rárá, ti ní atezolizumab, oògùn ìmúnò míì, láti oṣù kejìlá 2022. Oríṣi kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tiẹ̀.

Abẹ ti pé oṣù 10 báyìí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ya àyà, ìgbà mẹ́ta ni ó ti mọ́, ìkẹrin ku ọjọ́ Tuesday. Bọ̀dá ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá nílé, wọn kì í mú un jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí n bá àwọn pe láàbù, kí n béèrè bóyá ẹran kókó yẹn tí wọ́n fi ìda dì ṣì wà lọ́wọ́ wọn, torí tí àyẹ̀wò tuntun bá jáde lọ́la, ẹran yẹn ni wọ́n máa fi ṣe é. Obìnrin tó gbé fóònù náà lọ wò ó, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ó ní búlọ́ọ̀kù 12 ni, gbogbo ẹ̀ ló pé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má da ìkankan nù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.